Ọpọlọ Ló Kú, Irin Kò Kú: Bí A Ṣe Ń Jí Ẹ̀rọ CNC Àtijọ́ Dìde Nínú Ilé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba fún àwọn oníléèdì, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn rìwáyà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ irin láàárín Yorùbá tí kò dárúkọ Ògún, àwọn àgbà á ní ó wọlé kò kí onílé. Mo ti dárúkọ rẹ̀. Ó kù ká wọ iṣẹ́.

Ní Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé, ẹ̀rọ kan wà nínú yàrá tó yẹ kí n máa gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ mi ń sùn síta, ẹ̀rọ ló ń sùn nínú ilé. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Lọ́jọ́ tí mo lọ wò ó, ẹni tó ń tà á kò fi bò fún mi rárá. Ó ní ó ti kú, pé bí n kò bá gbé e, àwọn tó ń ra irin àjákù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Iye irin àjákù náà ni mo san. Lónìí, ẹ̀rọ yẹn ń gé irin.

Kí ló wá kú nínú rẹ̀ nígbà náà? Ìdáhùn mi kò gùn: ọpọlọ ló kú, irin kò kú. A lè pààrọ̀ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ọpọlọ tuntun kó tó yẹ irin wò, ẹkún ni yóò sun. Èmi ti sun ún rí, ẹ ó gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ohun tí ẹ̀rọ náà jẹ́

Gbogbo yín lẹ mọ léèdì: iṣẹ́ ló ń yí, ọ̀bẹ á dúró. Ti mílíìnì yàtọ̀. Ọ̀bẹ ló ń yí, iṣẹ́ á wà lórí tábìlì, tábìlì á máa gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, síwájú sẹ́yìn, tábìlì tàbí ọ̀bẹ á sì máa lọ sókè sódò. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí là ń pè ní X, Y àti Z. Lórí mílíìnì ọlọ́wọ́, ènìyàn ló ń yí wíìlì. Lórí CNC, mọ́tò ló ń yí i, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún mọ́tò iye tí yóò yí.

Ọgbọ́n yìí ti dàgbà. Ní 1949, John Parsons, oníṣẹ́ irin kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ológun òfuurufú. Abẹ̀bẹ̀ hẹlikópítà ló ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìlà kan wà tí ojú àti ọwọ́ kò lè tẹ̀ lé dọ́gba. Ó ní kí wọ́n ṣírò àmì lọ́pọ̀lọpọ̀ sórí ìlà náà, kí ọ̀bẹ máa ti àmì kan bọ́ sí èkejì. Àwọn onímọ̀ yunifásítì MIT ló wá fi iná àti mọ́tò ṣe é, wọ́n sì fi han aráyé ní 1952. Téèpù tí wọ́n lu ihò sí ló ń gbé àṣẹ lọ fún ẹ̀rọ.

Ohun kan wà nínú ìtàn yẹn tí àwọn ènìyàn kì í fiyè sí. MIT kò rọ ẹ̀rọ tuntun. Mílíìnì Cincinnati Hydrotel, tí wọ́n ń tà lọ́jà tẹ́lẹ̀, ni wọ́n mú, tí wọ́n so ọpọlọ mọ́. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀ lágbàáyé fúnra rẹ̀, irin àtijọ́ tí a fún ní ọpọlọ tuntun ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé rẹ̀ lónìí kò dá àṣà kankan sílẹ̀. Orísun ló padà sí.

Bridgeport Interact ni tèmi. Ìlú Bridgeport, ní Connecticut ní Amẹ́ríkà, ni orúkọ náà ti wá. Ibẹ̀ ni mílíìnì Bridgeport àkọ́kọ́ ti jáde ní 1938. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣe é ní Leicester náà. Irin tèmi jẹ́ ọmọ Leicester, ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì: TNC 151 ti iléeṣẹ́ Heidenhain. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lo ọpọlọ mìíràn tí wọ́n ń pè ní BOSS, kọ̀ǹpútà LSI-11 ti Digital Equipment Corporation ló sì wà nínú rẹ̀. Níbo ni Digital wà lónìí? Compaq rà á ní 1998. Hewlett-Packard ra Compaq ní 2002. Bridgeport fúnra rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Hardinge ní 2004. Àwọn tó ṣe ọpọlọ ti túká, orúkọ ti paradà, irin tí wọ́n dà ṣì wà nílẹ̀ gbọin.

Ìdí tí ọpọlọ fi ń ṣáájú irin kú

Irin tí a yọ́ tí a dà ni ara mílíìnì. Ó wúwo, ó sì máa ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ máa jó lórí iṣẹ́. Bí ọ́ìlì kò bá wọ́n ọn, tí òjò kò sì pa á, kò sí ohun tó ń yára pa á.

Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kan wà nínú kàpásítọ̀ tó máa ń gbẹ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, yálà a lo ẹ̀rọ o, a kò lò ó o. Ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà níwájú rẹ̀ á máa ṣú. Èyí tó sì ń yà mí lẹ́nu jù ni ti bátìrì. Nínú TNC 151, bátìrì kéékèèké ló ń tọ́jú ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ nípa ara rẹ̀: bí tábìlì ṣe gùn tó, bí mọ́tò ṣe lè sáré tó, ibi tí ààlà wà. Bí bátìrì bá tán nígbà tí iná kò sí, ẹ̀rọ á gbàgbé ara rẹ̀. Ẹni tó bá tan iná á rí i tó ń kígbe lójú, á ní ó ti bàjẹ́. Bátìrì lásán ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu pé ọpọlọ kú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àpótí iná. Ẹ wá ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà àwọn ìtò ẹ̀rọ náà sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ti tèmi kò parí síbẹ̀, torí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó.

Ẹ kọ́kọ́ bi irin léèrè

Ibí ni ẹkún mi wà. Ìdùnnú pọ̀ lójú mi, mo ti ra ọpọlọ tuntun kí ẹ̀rọ tó dé ilé. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, bàbá kan ní àdúgbò, òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ fítà, wá wò ó. Mo ń fi páálí ohun tí mo rà hàn án. Kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní, "Ṣé o ti gbé géèjì lé e?" N kò tíì gbé e lé e.

Géèjì tó ń wí ni dial gauge, aago kékeré tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà hàn. Bàbá yẹn fi orí rẹ̀ kan tábìlì. Ó ní kí n fi ọwọ́ yí skúrúù tó ń gbé tábìlì lọ díẹ̀, kí n yí i padà. Bí skúrúù bá yí tí tábìlì kò tíì mira, àlàfo tó wà láàárín wọn nìyẹn, fíríìpléè tí ẹ̀yin mẹkáníìkì máa ń bú. Ní ìpẹ̀kun tábìlì, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Inú mi dùn. Ó ní kí n yí tábìlì dé àárín. Ó fi ọwọ́ ti tábìlì láti ẹ̀gbẹ́. Abẹ́rẹ́ fò: 0.12 mìlímítà ni tábìlì ń mì lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Àárín tábìlì ni gbogbo ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ wá, torí náà àárín ló ń jẹ. Ìpẹ̀kun méjèèjì á tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nípọn ju èkejì lọ, tí à ń pè ní gib. Òun ló ń há àlàfo náà mọ́. Bí ẹ bá tì í títí àárín fi le, tábìlì á há ní ìpẹ̀kun. Bí ẹ bá tú u kí ìpẹ̀kun lè rìn, àárín á máa jó. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún yín lè fi ìpẹ̀kun hàn yín. Àárín ni kí ẹ bèèrè.

Ojú náà lè ràn yín lọ́wọ́ kí géèjì tó dé. Lára ojú irin tó ń yọ̀ lórí ara wọn, àwọn tó ṣe é fi àmì bí ilà ojú sí i káàkiri. Níbi tí ilà náà bá ti parẹ́, tó ń dán bí dígí, irin ti jẹ níbẹ̀.

Kí ni a ṣe sí 0.12 yẹn? A fá a. A fi ọ̀dà búlúù tín-ín-rín pa òkúta tó tẹ́jú, a gbé irin lé e, a wọ́ ọ díẹ̀, a gbé e kúrò. Ibi tí búlúù bá mú ni ibi tó ga. A fi ọ̀bẹ ìfá fá ibẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ojú kò lè rí. A nù ún, a tún gbé e lé búlúù. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ní alaalẹ́, láti oṣù kan bọ́ sí èkejì, tí ọpọlọ olówó gọbọi tí mo ti rà wà nínú páálí, tó ń wò mí. Nígbà tí a parí, 0.03 ló kù. Bàbá náà ní kí n má béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ arúgbó.

Ọ́ìlì ni, kì í ṣe gírísì

Mílíìnì ní pọ́ǹpù ọ́ìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí ojú irin gbogbo. Ní ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan, ihò kékeré kan wà tó ń wọn iye tí yóò kọjá. Bí ẹ̀rọ bá ti dúró fún ọdún púpọ̀, ọ́ìlì inú rẹ̀ á dì bí ìda. Ẹ̀ ń fọ́n ọ́ìlì, ẹ rò pé ó ń débẹ̀, kò sì débì kankan.

Gbogbo páìpù yẹn ni mo tú, mo fọ̀, mo fi afẹ́fẹ́ gbá, mo pààrọ̀ ihò tó dí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gírísì ti àwọn ibi tó le. Ẹ má ṣe é. Gírísì tó bá wọ páìpù tí a ṣe fún ọ́ìlì á dí i pa, á sì di èérún irin mú sójú ibi tó yẹ kó máa yọ̀. Irú ọ́ìlì tó wà fún ojú irin mílíìnì ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ 68 sí lára.

Iná ilé kò dà bí iná iléeṣẹ́

Mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ ń jẹ iná fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, 415 volt. Fẹ́ẹ̀sì kan, 230 volt, ni ilé ibùgbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní. Àpótí kan wà tí wọ́n ń pè ní VFD: á gba fẹ́ẹ̀sì kan, á tú mẹ́ta jáde, ẹ ó sì lè fi dín ìyára mọ́tò kù tàbí kí ẹ fi kún un. Àmọ́ bí 230 bá wọlé, 230 ni yóò jáde. Mọ́tò tí wọ́n so ní star fún 415 kò ní lágbára lórí rẹ̀. Ó ní láti di delta.

Ẹ̀yin rìwáyà ti ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ ibi tí mò ń lọ. Nínú mọ́tò òde òní, ẹnu wáyà mẹ́fà ló jáde, ẹ kàn máa yí irin pẹlẹbẹ mẹ́ta padà ni. Nínú tèmi, mẹ́ta péré ló jáde. Mẹ́ta yòókù, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ sínú, wọ́n fi okùn dì wọ́n mọ́ wáyà tó kù, wọ́n fi fáníìṣì bò wọ́n. Mo tú mọ́tò, mo wá kókó yẹn, mo gé okùn, mo tú ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo so wáyà tuntun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀ wọ́n láṣọ, mo fà wọ́n jáde. Ọ̀sán kan gbáko ni. Bí fáníìṣì ara wáyà bá bó ní ibì kan, mọ́tò ti lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ikú ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ẹ fetí sí i dáadáa. Bí 230 volt bá wọ VFD, ó máa ń di 325 volt nínú kàpásítọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá pa súwíìṣì, 325 yẹn kò lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń dúró de ìka. Ẹ dúró fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ tún fi mítà wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ tó wọ̀ ọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ọpọlọ tuntun nínú ara àtijọ́

Mọ́tò DC mẹ́ta ló ń gbé X, Y àti Z lórí Interact, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní káábọ́ọ̀nù tirẹ̀. Mo pààrọ̀ káábọ́ọ̀nù, mo nu ojú bàbà tó ń fara kàn án. Wọ́n ṣì le koko. Àwọn àpótí tó ń fún wọn níná náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó wá yẹ kí n dà wọ́n nù? Kò yẹ, torí èdè tí wọ́n ń gbọ́ kò tíì yí padà.

Èdè yẹn rọrùn. Láàárín ọpọlọ àti àpótí mọ́tò, wáyà méjì ló ń gbé volt kékeré. +10 túmọ̀ sí pé kó sáré síwájú ní gbogbo agbára rẹ̀. -10 túmọ̀ sí sẹ́yìn. 0 túmọ̀ sí pé kó dúró. Ọpọlọ yòówù tó bá lè sọ +10 sí -10, irin á gbọ́ ọ. Káàdì kan wà láti iléeṣẹ́ Mesa tó ń sọ ọ́ láti inú kọ̀ǹpútà lásán.

Ohun tí èdè rẹ̀ yí padà ni encoder, ojú tí ẹ̀rọ fi ń mọ ibi tó dé. Ti Heidenhain àtijọ́ ń fi ìgbì iná kékeré ránṣẹ́, nǹkan bíi microampere 11. Kọ̀ǹpútà tuntun ń retí nǹkan tó ń tàn tó ń kú, 5 volt tàbí 0. Mo so encoder tuntun onílà 1000 mọ́ ìdí skúrúù kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹrin, ó di 4000. Bí skúrúù bá ń gbé tábìlì ní mìlímítà 5 fún ìyípo kan, òǹkà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.00125 mìlímítà.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti rántí bàbá fítà. Ọpọlọ mi lè ka 0.00125. Bí n kò bá ti fá tábìlì, irin mi á máa jó 0.12 lábẹ́ rẹ̀. Òǹkà tó kéré kò lè wo irin tó ti jẹ sàn.

LinuxCNC ni ètò tí mo fi sínú kọ̀ǹpútà náà. NIST, àjọ ìwọ̀n ìjọba Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 lórúkọ EMC. Wọ́n gbé e lé aráyé lọ́wọ́, àwọn olùyọ̀ǹda sì ń tọ́jú rẹ̀ títí dòní. A kì í san kọ́bọ̀ fún un. Ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló máa ń bi tábìlì pé: níbo lo dé? Bí tábìlì bá rẹ̀yìn ibi tó yẹ kó wà, á fi volt kún un. Bó bá ti kọjá, á fà á padà. Ó dà bí ìyá tó rán ọmọ níṣẹ́ tó ń pè é lójú ọ̀nà ní gbogbo ìgbésẹ̀. Bí ọmọ bá jìn jù sí ibi tó yẹ kó wà, ìyá á pa gbogbo rẹ̀ tì, ẹ̀rọ á dúró.

Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ló yẹ fún iṣẹ́ yìí. Bí tábìlì bá ń sáré mítà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ló ń rìn láàárín ìbéèrè kan sí èkejì. Kọ̀ǹpútà tó bá fi ìbéèrè mẹ́wàá pẹ́, torí ó ń tọ́jú àwòrán tàbí ó ń wá íntánẹ́ẹ̀tì, ti jẹ́ kí ọ̀bẹ lọ ní mìlímítà kan láìsí olùṣọ́. LinuxCNC ní ìdánwò tó ń wọn pípẹ́ yìí. Kọ̀ǹpútà tuntun olówó ńlá mi kan já níbẹ̀. Ògbólógbòó orí tábìlì ló yege.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn

Kí mọ́tò tó fa ohunkóhun, súwíìṣì pupa ìdádúró ni kí ẹ so. Kó má gba inú kọ̀ǹpútà kọjá o. Kó gé iná mọ́tò fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ kọ́ńtákítọ̀, torí ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá sínwín lọjọ́ tí ẹ ó nílò rẹ̀.

Ẹ bọ́ bẹ́líìtì kúrò nídìí mọ́tò ní ìgbà àkọ́kọ́. Èmi bọ́ ọ, ó sì gbà mí. Wáyà méjì ni mo so ní òdìkejì. Kọ̀ǹpútà ní kó lọ síwájú, mọ́tò lọ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà rí i pé ó ń jìnnà, ó fi volt kún un. Mọ́tò tún sá sí i. Ká ní bẹ́líìtì wà níbẹ̀ ni, tábìlì á ti fi orí gbá ìpẹ̀kun.

Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ ni mo kọ́kọ́ gé: ọ̀bẹ lókè, kò kan nǹkan kan. Ìda ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ igi, lẹ́yìn rẹ̀ àlùmíníọ̀mù, kí n tó fi ojú kan irin. Àkọ́kọ́ nínú àwọn ohun tí mo gé ni òbìrìkìtì. Òbìrìkìtì kì í purọ́. Ní ojú mẹ́rin tí X tàbí Y ti ń yí padà, bí fíríìpléè bá wà, ẹ ó fi èékánná kan an. Mo fi èékánná wá a kiri, n kò rí i.

Ohun tó kàn wá

Ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1980, kí a lè máa ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀rọ fúnra wa. Ìrònú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tọ́: ìlú tí kò lè tún ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ ṣe, àlejò ni nídìí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ń wọlé, àwọn kan á ṣiṣẹ́ títí ọpọlọ wọn á fi kú, wọ́n á wá gbé irin tó ṣì dára lọ fún ẹni tó ń fi kílò rà á.

Ohun tí mo tiraka kọ́ ní Leicester wà káàkiri ọwọ́ yín. Rìwáyà tó lè rí kókó star nínú òkùnkùn wà ní àdúgbò gbogbo. Oníléèdì tó lè fi ọwọ́ mọ irin tó jẹ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Àwọn ọmọ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wà ní Yábàá. Ní ṣọ́ọ̀bù tí fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ti wà, ẹ ò tilẹ̀ nílò làálàá star àti delta. Ohun tí ẹ ó máa ṣọ́ ni kí fẹ́ẹ̀sì kan má lọ, kí méjì yòókù wá jó mọ́tò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọn ò tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà ni.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo nìyí. Bí ẹ bá gbọ́ pé CNC kan ti kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n kí ènìyàn mẹ́ta tó yẹ̀ ẹ́ wò: ẹni tó ní géèjì, ẹni tó ní mítà, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n sì wọlé bí mo ṣe tò wọ́n yẹn. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ fi owó àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí ra géèjì. Ọpọlọ lè dúró.